Ẹ̀sìn àti Iṣẹ́ Ọnà: Bí Ọ̀wọ̀ àti Òmìnira Ṣe Lè Gbé Inú Ilé Kan

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹni rere láti ìgbà pípẹ́ wá. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn búburú ni ó wà ní apá kan, tí ènìyàn rere sì wà ní apá kejì, ìdájọ́ rẹ̀ kì bá tí ṣòro. Ṣùgbọ́n ohun rere méjì ni ó kọjú sí ara wọn níhìn-ín. Èkíní ni ọ̀wọ̀ tí ó yẹ kí a ní fún ohun tí ọmọnìkejì wa kà sí mímọ́. Èkejì ni òmìnira tí ó yẹ kí ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ọwọ́ tàbí ti ohùn ní, láti lo ẹ̀bùn náà gẹ́gẹ́ bí ọkàn rẹ̀ ti rí i. Bí a bá tẹ èkíní mọ́lẹ̀, a ó ṣá ọkàn olùsìn lọ́gbẹ́. Bí a bá sì tẹ èkejì mọ́lẹ̀, a ó sọ oníṣẹ́ ọnà di ẹrú, ọnà tí a fi ipá gbà kò sì ní ẹ̀mí nínú.

Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn méjèèjì lè gbé inú ilé kan, bí a bá mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun mẹ́ta: ohun tí a ṣe, ìlò tí a ń lò ó fún, àti ibi tí a gbé e sí. Nígbà tí a bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìjà ni í dé. Nígbà tí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ojú a là. A ó mú ẹ̀rí wá láti inú Ìwé Mímọ́, láti inú ìtàn Ìjọ ní òkè òkun, àti láti ilẹ̀ wa níhìn-ín, pàápàá jùlọ láti ìlú Ọ̀yẹ́ ní Èkìtì.

OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI HÀN

Gbogbo wa ni a mọ òfin tí ó kọ̀ fún wa láti yá ère kí a sì máa tẹrí ba fún un. Òfin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá rí igi gbígbẹ́ nítòsí pẹpẹ. Ṣùgbọ́n nínú ìwé Ẹ́kísódù kan náà ni a ti kà nípa Besaleli ọmọ Uri, ẹni tí Ọlọ́run fi ẹ̀mí ọgbọ́n kún, kí ó lè ṣiṣẹ́ wúrà, fàdákà, idẹ, òkúta àti igi. Nínú ìwé kan náà ni a ti rí àṣẹ pé kí a ṣe kérúbù wúrà méjì sí orí ìtẹ́ àánú. Òfin tí ó dá ère bíbọ lẹ́bi kò dá ọwọ́ tí ń gbẹ́ igi lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ejò idẹ pẹ̀lú. Mose rọ ọ́ ní aginjù nípa àṣẹ Ọlọ́run, kí àwọn tí ejò bù jẹ lè wò ó kí wọ́n sì yè. Nígbà tí ó pẹ́, Hesekiah ọba fọ́ ejò náà túútúú, ó sì ṣe rere, nítorí pé àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń sun tùràrí sí i. Idẹ kan náà ni; ejò kan náà ni. Kí ni ó yí padà? Ìlò ni. Mose kò ṣẹ̀ nígbà tí ó rọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Hesekiah kò ṣẹ̀ nígbà tí ó fọ́ ọ. Ẹni tí ó bá di ọ̀kan ṣoṣo mú nínú ìtàn méjèèjì yóò ṣìnà: yóò di ẹni tí ń fọ́ ohun gbogbo, tàbí kí ó di ẹni tí kò lè fọ́ ohunkóhun.

OHUN TÍ OJÚ ÌJỌ TI RÍ NÍ ÒKÈ ÒKUN

Ọ̀rọ̀ àwòrán da Ìjọ ìhà ìlà-oòrùn rú fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 726, Leo kẹta, ọba Constantinople, bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwòrán Olúwa wa àti ti àwọn ẹni mímọ́ jà. A kó wọn kúrò, a sì ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Ní ọdún 787 àwọn bíṣọ́ọ̀bù pé jọ ní Niséà, wọ́n sì ṣe ìyàtọ̀ kan tí ó wúlò fún wa títí di òní: wọ́n ní ọ̀wọ̀ tí a ń fún àwòrán jẹ́ ohun kan, ìsìn tí ó tọ́ sí Ọlọ́run nìkan jẹ́ ohun mìíràn. Síbẹ̀ ìjà náà tún rú, kò sì tán títí di ọdún 843. Àwọn iṣẹ́ ọnà tí ó ṣègbé ní àkókò náà ti ṣègbé títí láé. Ìpinnu àjọ kò lè jí àwòrán tí ó ti jóná dìde.

Ìtàn kejì ṣẹlẹ̀ ní ìlú Venice ní ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1573, Paolo Veronese, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán ìgbà náà, parí àwòrán ńlá kan nípa Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn fún ilé àwọn ẹlẹ́gbẹ́ Dominic. Ó ya Olúwa wa sí àárín tábìlì, ṣùgbọ́n ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn yí àsè náà ká: apanilẹ́rìn-ín, aràrá, ọmọ-ogun Jámánì, àti ìránṣẹ́ kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà ní imú rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ Ìjọ pè é wá jẹ́jọ́. Wọ́n bi í bóyá irú àwọn wọ̀nyí yẹ ní ibi tí Olúwa ti jẹun ìkẹyìn. Ó dáhùn pé àwọn ayàwòrán a máa gba irú àyè tí àwọn akéwì ń gbà. Ó ní àwòrán náà tóbi, àyè sì wà níbẹ̀ fún ènìyàn púpọ̀. Ó sì ní kì í ṣe ibi tí Olúwa wà gan-an ni òun ya àwọn apanilẹ́rìn-ín náà sí. Àwọn onídàájọ́ pàṣẹ pé kí ó tún àwòrán náà ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, kí ó sì fi owó ara rẹ̀ ṣe é.

Kí ni Veronese ṣe? Kò pa àwọn ènìyàn náà rẹ́. Orúkọ àwòrán náà ni ó yí padà. Ó pè é ní Àsè ní Ilé Lefi, ó sì kọ ọ́ sí ara àwòrán náà pé inú orí karùn-ún Lúùkù ni ìtàn náà ti wá. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn náà: Lefi agbowó-òde se àsè fún Jésù, àwọn ẹlẹ́ṣẹ̀ jókòó tì í, àwọn akọ̀wé sì ń kùn. Ní tábìlì Lefi, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé àwọn ènìyàn yẹpẹrẹ kò yẹ níbẹ̀, nítorí pé àwọn gan-an ni Olúwa tìtorí wọn wá. Àwòrán náà ṣì wà ní Venice títí di òní. Àwọn onídàájọ́ ń gbèjà tábìlì kan tí ó jẹ́ mímọ́, ayàwòrán náà sì ń gbèjà ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a rí orúkọ àti ipò tí ó bá iṣẹ́ náà mu, ọ̀ràn náà parí láìsí pé a fọ́ ohunkóhun.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nípa orin. "Messiah" tí Handel ṣe, tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin wa fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ fún Kérésìmesì àti Àjíǹde, ni a kọ́kọ́ kọ ní ìlú Dublin ní ọdún 1742. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1743, àwọn olùfọkànsìn kan bínú sí i. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n bínú sí, nítorí pé Ìwé Mímọ́ ni orísun rẹ̀. Ohun tí ó bí wọn nínú ni pé ilé eré ni a ti ń kọ ọ́, láti ẹnu àwọn òṣèré. Ní ọdún 1750 a kọ ọ́ ní ilé ìsìn tí ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí a gbé sọnù ní Lọ́ńdọ́nù, láti fi wá owó fún àwọn ọmọ náà, a sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn náà. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀gàn lójú àwọn bàbá di ohun tí àwọn ọmọ ń dìde dúró fún.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILẸ̀ WA

Ìṣòro tiwa ní ohun kan sí i ju ti àwọn ará òkè òkun lọ. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ojúbọ òrìṣà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí iṣẹ́ agbẹ́gilére ti ń ríṣẹ́ jùlọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹni kan bá yí padà sí ẹ̀sìn Kristi, igi gbígbẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lójú rẹ̀. Ohun tí ó ti ń bẹ̀rù, tí ó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ ẹran bọ, ni. Ní ọdún 1930, nígbà ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ṣe ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àwọn ènìyàn kó oògùn àti ère wọn jáde, a sì dáná sun wọ́n. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó ń já ẹ̀wọ̀n ọrùn rẹ̀ kì í dúró wo ọnà tí alágbẹ̀dẹ fín sí i.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ apá kejì pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo igi tí àwọn baba wa gbẹ́ ni ó jẹ́ ti òrìṣà. Wọ́n gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin àti òpó ilé. Wọ́n gbẹ́ ìlù àti àpótí ìjókòó. Lára àwọn ìlẹ̀kùn àti òpó náà ni a ti ń rí ọkùnrin tí ó gun ẹṣin, ìyá tí ó pọn ọmọ, ọdẹ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, àti obìnrin tí ó kúnlẹ̀ gbé igbá. Ayé àwọn ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀. Nígbà tí a bá dá gbogbo rẹ̀ lẹ́bi pọ̀, a sọ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òtítọ́ nípa àwọn baba wa, a sì gba oúnjẹ lẹ́nu àwọn ọmọ agbẹ́gilére tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan.

Èyí ni ó mú kí ohun tí a ṣe ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì yẹ fún àròjinlẹ̀. Ní ọdún 1947, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ Society of African Missions, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Seán O'Mahony, bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ọnà kan níbẹ̀. Wọ́n pe àwọn agbẹ́gilére, àwọn ahunṣọ, àti àwọn tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá ṣe ohun èlò àti ọ̀ṣọ́ fún ilé Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú àwọn agbẹ́gilére náà ni Bándélé, ọmọ Areogun ti Ọ̀sì, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn ní gbogbo agbègbè náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ láti Ìlá-Ọ̀ràngún wá kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Bándélé níbẹ̀. Ẹ kíyè sí orúkọ yìí dáradára. Orúkọ ìdílé rẹ̀ jẹ́ ti Ifá. Orúkọ tirẹ̀ jẹ́ ti Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ni òun fúnra rẹ̀ sì í ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sì di ọ̀ṣọ́ ilé ìsìn Kristi.

Àdéhùn wo ni ó mú kí èyí ṣeé ṣe? Ìjọ kò ní kí agbẹ́gilére náà máa ṣe àdàkọ àwọn ère funfun tí a ń kó wá láti Yúróòpù. Wọ́n jẹ́ kí ó gbẹ́ igi bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ: orí tí ó tóbi, ojú tí ó yọ, ìdúró tí ó ní ìwà. Àwọn amòye láti ìlà-oòrùn tí wọ́n wá kí Jésù ọmọ tuntun wọ aṣọ ọba Yorùbá, wọ́n sì dé adé. Agbẹ́gilére, ní tirẹ̀, kò mú àmì òrìṣà wọ inú ilé ìsìn, nítorí ó mọ ẹni tí òun ń ṣiṣẹ́ fún. A kò fi ipá mú un yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà kí ó tó gba iṣẹ́. Òun náà kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ gan ẹ̀sìn ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú wọn dùn. Àwọn kan nínú ìjọ wí pé ère náà jọ òrìṣà jù, ojú wọn sì ti mọ́ ère funfun ti òkè òkun. Ó yẹ kí a gbọ́ ẹ̀dùn wọn, nítorí pé àwọn ni wọn yóò máa kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà dáhùn fún ara rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. A ti ilé iṣẹ́ Ọ̀yẹ́ ní ọdún 1954, síbẹ̀ ọ̀nà tí a là níbẹ̀ kò dí: Lámídì gbẹ́ ìlẹ̀kùn fún ilé ìsìn àwọn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 2009.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú bí a ti ń gbẹ́ igi fúnra rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére pín iṣẹ́ wọn sí ìpele mẹ́rin. Èkíní ni lílé ọnà, nígbà tí a ń fi àáké yọ orí, ara àti ẹsẹ̀ láti inú igi. Lẹ́yìn náà ni alétúnlé, nígbà tí ojú àti etí ń yọ díẹ̀díẹ̀; lẹ́yìn náà ni dídán; ìkẹyìn ni fínfín, nígbà tí a ń fi ọ̀bẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i lára. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ sọ nípa ère, ìgbà tí igi ṣì wà ní lílé ni kí ó sọ ọ́. Bí ó bá dúró títí a fi fín in tán kí ó tó wí pé kò tẹ́ òun lọ́rùn, kò sí ohun tí ó kù bí kò ṣe àáké tàbí iná. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọ̀pọ̀ nínú ìjà tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìjọ àti oníṣẹ́ ọnà ni kì bá tí ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti jókòó sọ̀rọ̀ ní àkókò lílé.

ORIN, ÌLÙ ÀTI ERÉ

Ohun tí a wí nípa igi wà bẹ́ẹ̀ nípa orin. Èdè wa jẹ́ èdè ohùn: igba, igbá àti ìgbà kì í ṣe ọ̀kan náà. Nígbà tí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin a máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ń kọrin ìyìn a sì máa pe ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀. Àwọn Kristẹni tí wọ́n fẹ́ràn ìjọ wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ṣe orin tí ó bá ohùn èdè wa mu, a sì gba ohùn rẹ̀ sí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ́nù ní ọdún 1922. T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Kristi ní Èkó, ṣe ìwádìí lórí ọ̀ràn náà, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953. Òmìnira tí wọ́n lò kò ba ìsìn jẹ́. Òun ni ó jẹ́ kí ìsìn yé ẹni tí ń sìn.

Ìlù ni ó ṣòro jù. Àwọn àgbà ìjọ tí wọ́n kọ ìlù dùndún kò kọ̀ ọ́ láìnídìí, nítorí pé ìlù náà a máa sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù lè gbọ́ oríkì òrìṣà nígbà tí ẹni tí kò gbọ́ ọ ń jó lásán. Nítorí náà ìbéèrè tí ó tọ́ kì í ṣe pé, "Ṣé ìlù lè wọ ilé ìsìn?" bí kò ṣe pé, "Kí ni ìlù yìí ń sọ?" Àyàn tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ìyìn Ọlọ́run sí ẹnu ìlù kò yàtọ̀ sí akọrin tí ó fi í sí ẹnu ara rẹ̀.

Nípa eré, ẹ rántí Hubert Ogunde. Ní ọdún 1944, Ìjọ Olúwa (Aládùúrà) ní Èkó gbé iṣẹ́ fún un láti ṣe eré kan nípa Ọgbà Édẹ́nì àti Ìtẹ́ Ọlọ́run, a sì ṣe é ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Inú ìjọ ni eré náà ti wá, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn gbogbo ènìyàn ni a gbé e lọ. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ogunde dá ẹgbẹ́ òṣèré tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì di bàbá fún eré orí ìtàgé ní ilẹ̀ wa. Ohun tí ìjọ fi òmìnira gbìn so èso tí gbogbo ìlú jẹ.

BÍ IṢẸ́ ỌNÀ BÁ Ń GAN Ẹ̀SÌN ŃKỌ́?

Ẹnìkan lè wí pé, "Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe sí ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun mímọ́ wa ṣe ẹlẹ́yà?" Ìbéèrè náà tọ́. Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dáàbò bo òmìnira ìgbàgbọ́ ní ìpín 38, ó sì dáàbò bo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ní ìpín 39. Òfin ọ̀daràn ti ìhà gúúsù, ní ìpín 204, sì lè fi ẹni tí ó bá ṣe ohun tí àwọn ẹlẹ́sìn kan kà sí ẹ̀gàn ní gbangba, tí ó sì ní in lọ́kàn pé kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀, sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà ń wo ọkàn ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ béèrè ìbéèrè tí ó le kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó fẹ́ dá ọgbẹ́ sí ọkàn aládùúgbò rẹ̀. Síbẹ̀ òfin kò lè sọ aládùúgbò di ọ̀rẹ́. Nítorí náà a mú ìmọ̀ràn mẹ́ta wá.

Èkíní: nínú ilé ìsìn, ìjọ ni ó ni ọ̀rọ̀. Bí ìjọ bá wí pé àwòrán kan kò yẹ ní pẹpẹ òun, kò gba òmìnira lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oníṣẹ́ ọnà lè gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ìjọ sọ ìfẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì san owó ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́.

Èkejì: ní ìta ilé ìsìn, ọ̀rọ̀ ni kí a fi dá ọ̀rọ̀ lóhùn. Ẹni tí eré kan bà nínú jẹ́ lè jáde kúrò níbẹ̀, ó lè kọ̀wé, ó lè wàásù. Kò gbọ́dọ̀ gbé igi tàbí iná. Ìgbàgbọ́ tí ó nílò kùmọ̀ láti gbèjà rẹ̀ ti jẹ́wọ́ pé òun kò ní èsì.

Ẹ̀kẹta: ohun tí a kò fẹ́ kí a ṣe sí wa, kí àwa pẹ̀lú má ṣe é sí ẹlòmíràn. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí àwọn Kristẹni ń ṣe, babaláwo kì í sọ̀rọ̀ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan, olórìṣà kì í sì í ṣe oore fún ọmọ aráyé. Mùsùlùmí ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn ilé ìsìn fún wa pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Irú ọ̀wọ̀ wo ni òṣèré tiwa ń fún bàbá rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Fákẹ́yẹ? Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn nípa ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tí ń ṣe é, kí ó gbọ́ ohun tí ó gbàgbọ́ láti ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, bí ó bá fẹ́ takò ó, kí ó takò ó lórí òtítọ́.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹ bá padà sí ìjọ yín, tí ẹ sì rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gbẹ́ igi tàbí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń kọ eré, ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù pàdé rẹ̀. Ẹ béèrè ohun tí ó ń ṣe, ìlò tí ó fẹ́ lò ó fún, àti ibi tí ó fẹ́ gbé e sí. Ẹ sọ tiyín fún un pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ náà ṣì wà ní lílé. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́.